Làálì Ẹsẹ̀ Ìjì

"Àṣírù, kí lò ń wò? Fi làálì kùn ún, kó lè tètè gbẹ!"

Alhaji Oyèdèjì ló ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin. Àṣírù kúnlẹ̀ ti Ìjì, ẹṣin funfun náà, ó rọra tẹ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan, ẹṣin sì fa ẹsẹ̀ yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà gbóná, ó sì wú. Ó ti tó ọdún méjìlélógún tó ti ń tọ́jú ẹṣin fún Alhaji Oyèdèjì ní Ìlobùú. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ ní ẹsẹ̀ tó ń dun ẹṣin.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ yìí ò lè sáré níbi ìdíje ẹṣin Iléyá lọ́la. Ẹ jẹ́ ká pe dókítà ẹran."

"Kí àwọn ará Ẹ̀rìn tá a jọ ń díje wá máa fi mí rẹ́rìn-ín? Fi làálì kùn ún dé orúnkún, bíi ti èṣí. Ta ló máa mọ̀?"

Bíi ti èṣí. Léṣìí, Àṣírù rí ibi tó wú lẹ́sẹ̀ Gbajúmọ̀, ẹṣin Alhaji tó ṣáájú Ìjì, ó sì fi làálì bò ó. Ẹṣin náà ò tíì sáré dé ìdajì pápá tí ẹsẹ̀ náà fi kán. Kò dìde mọ́. Gbogbo èèyàn ní àmúwá Ọlọ́run ni, òun náà sì bá wọn ṣe àmín. Ojú ṣì ń tì í di bí a ti ń wí yìí.

Sàídátù ìyàwó rẹ̀, tó ń lé làálì fáwọn obìnrin jẹun, gbé abọ́ làálì tó pò dé.

"Bàbá Azeezat, kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?"

"Ó ti rẹ̀ mí."

"Iṣẹ́ ni àbí ọjọ́ orí?"

"Irọ́ pípa ló rẹ̀ mí."

Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ ẹṣin, ó wo ọkọ rẹ̀. "Tí Alhaji bá ní kẹ́ ẹ máa lọ ńkọ́?"

"Wàá máa fi làálì bọ́ mi nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ kejì Iléyá, Àṣírù rọra fa Ìjì wọ pápá. Ẹsẹ̀ mẹ́ta pupa dé orúnkún. Ìkẹrin funfun bó ṣe wà, ó wú, gbogbo èèyàn sì ń wò ó. Bàbá kan láti Ẹ̀rìn sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin tirẹ̀.

"Àṣírù, ṣé làálì tán nílé Alhaji ni?"

"Rárá, bàbá. Èyí tó ń dùn ún nìyẹn. Ti Gbajúmọ̀ náà wú léṣìí. Èmi ni mo fi làálì bò ó."

Alhaji, tó jókòó láàárín àwọn àgbà nítòsí, gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àṣírù ò dúró gbọ́ ohun tó máa sọ. Ó di okùn ẹṣin mú, ó yí i padà, Ìjì sì ń tiro tẹ̀lé e lọ sílé.