Mẹkáníìkì Tó Ń Fi Gàrí Fọwọ́

Bí Hàbíbàt bá ń kọ́ èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì, kì í gba gbólóhùn inú ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ò mọ èèyàn kankan ni?" ló máa ń bi àwọn àgbà tó ń wá kẹ́kọ̀ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ájégúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí ẹnì kan bá wá dárúkọ ẹni tó mọ̀, á ní, "Èwo nínú wọn?" Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bi í, títí ẹni tí wọ́n ń sọ yóò fi dá yàtọ̀ láàárín gbogbo èrò Èkó. Ó ní iṣẹ́ tí "who" àti "which" àti "whose" ń jẹ nìyẹn, àti pé ẹni tí kò bá lè dáhùn "èwo," kò tíì sọ nǹkan kan.

Inú rẹ̀ dùn lọ́sẹ̀ yẹn, kò sì fi pamọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni yìgì rẹ̀ pẹ̀lú Ààfáà Yasir, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní Boundary, tó ń gun ọ̀kadà aláwọ̀ ewé kiri páàkì àwọn onítírélà láti kírun fún wọn, tí èso dàbínù kì í sì í tán lápò rẹ̀. Ọdún kejì rèé tí ọkọ̀ ojú omi dojú dé pẹ̀lú Láwàlì ọkọ rẹ̀, bó ṣe ń ti Apapa bọ̀ wálé. Wọn ò rí òkú, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ni wọ́n rí. Wọ́n kírun òkú fún un bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣe fìdáù, Hàbíbàt sì ṣe tákàbà, ọ̀fọ̀ opó tiẹ̀, pé pérépéré. Ta ló máa ní kó má tún lọ́kọ?

Nírọ̀lẹ́ Túsìdeè, ó kan Rukevwe, ọmọbìnrin tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀bà ní Coconut, tó ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì sí Warehouse Road. Ó dìde, ó ní, "There is a mechanic which is wasting my garri."

"Who," ni Hàbíbàt wí. "Èèyàn ni, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Èwo nínú wọn?"

"The mechanic who washes his hands with my garri."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Hàbíbàt náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò lè parí rẹ̀. Mẹkáníìkì ni Láwàlì náà, ó máa ń da gàrí gbígbẹ sọ́wọ́ láti fi bó ọ́ìlì dànù, ìjà tí wọ́n sì ti jà lórí gàrí nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé kò lóǹkà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé mẹkáníìkì pọ̀ l'Ékòó.

"Èwo nínú wọn?"

"The mechanic whose small finger no dey bend. Ah, Àǹtí, ẹ má bínú. Whose small finger does not bend."

Ìka kékeré Láwàlì náà kì í tẹ̀.

"Èwo?"

"The mechanic who calls every woman Ìyá Ìbejì. Even me wey never born!"

Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ Hàbíbàt. Ó ti bí ìbejì fún Láwàlì rí, wọn ò sì dúró. Láti ìgbà náà ni Láwàlì ti ń pe gbogbo obìnrin bẹ́ẹ̀, ó ní àdúrà lòun ń ṣe. Ó tú kíláàsì ká, ó ní kí Rukevwe mú òun lọ sí Coconut kíá.

Ẹsẹ̀ méjì ló yọ síta lábẹ́ tírélà kan. Kó tó rí ojú ló ti mọ ẹsẹ̀ náà.

"Ẹ jáde," ló wí.

Láwàlì yọ orí. Bó ṣe rí i, ó fẹ́ padà sábẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ ò kú?"

"Àwọn apẹja ló gbé mi lọ sí abúlé wọn, ibà sì dá mi dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé àdúgbò wa, wọ́n ti ń jẹ sàárà fìdáù mi. Mo gbọ́ orúkọ mi láàárín orúkọ àwọn òkú. Ẹ̀rù bà mí, Hàbíbàt."

"Ẹ wá sá lọ?"

"Mo kọ́kọ́ bi ààfáà kan pé kí ni kí n ṣe. Ó ní ìrun òkú tí wọ́n kí fún mi ti já yìgì wa, pé bí mo bá yọjú sí ẹ, ìwọ ni ìyà rẹ̀ máa jẹ lọ́run. Ó ní kí n kúrò l'Ékòó. Ṣàgámù ni mo lọ, oṣù tó kọjá ni ebi lé mi padà, abẹ́ ọkọ̀ ni mo sì máa ń sá sí bí mo bá gbúròó rẹ̀. Kí ni mo mọ̀ nínú kéwú ju Fátíhà lọ?"

Inú bí Hàbíbàt débi pé ó fẹ́ gbá a létí. Kí ọkùnrin gbọ́ irú ìsọkúsọ bẹ́ẹ̀, kó sì gbà?

"Ààfáà wo?"

"Ààfáà tó ń kírun fún wọn ní páàkì yìí."

Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ ọn lẹ́nu jù, kò lè dá a dúró. "Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó máa ń pín dàbínù."

"Èwo?"

"Èyí tí ọ̀kadà rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Èèyàn dáadáa ni. Ó bèèrè orúkọ rẹ àti àdúgbò wa, ó ní òun á máa bá mi mójú tó ẹ."

Hàbíbàt jókòó lé táyà kan. Dàbínù tí Yasir fún un láàárọ̀ ṣì wà nínú báàgì rẹ̀. Ó rántí ọjọ́ tí Yasir kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ní òun gbọ́ pé opó kan wà níbẹ̀ tó nílò àdúrà. Kò tiẹ̀ bi í pé lẹ́nu ta ló ti gbọ́.

Fóònù rẹ̀ dún. Ó rí orúkọ Yasir lójú rẹ̀, kò gbé e.

"Ta ló ń pè ẹ́?" ni Láwàlì bi í.

"Ààfáà tó ń bá yín mójú tó mi ni," ló wí, ó sì na fóònù náà sí i.