Ìrora Tó Yàtọ̀

Láti kékeré ni Fáòsíátù, aránṣọ kan ní Ìlá, ti ń bá àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tó máa ń fa ìrora egungun, fínra. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ìbàdí ń dùn ún, tí ara rẹ̀ sì ń gbóná, ìyá rẹ̀ ní, "Àìsàn ọjọ́sí ló tún dé."

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, Fáòsíátù bẹ dókítà: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí yàtọ̀. Ojú kan ló dúró sí, mi ò lè na ẹsẹ̀."

Dókítà tẹ ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, Fáòsíátù sì figbe ta. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, wọ́n sì rí ọyún bíi ti eéwo tó sá pamọ́ sí ìdí egungun ìbàdí. Wọ́n fà á jáde.

Nígbà tí ibà lọ, ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú, omi lójú.

"Má bínú, ọmọ mi. Mo rò pé mo ti mọ gbogbo ìrora rẹ tán."