Agnes Kò Pa Ọjọ́ Kankan Jẹ

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó wọ ilé ìkọ́ṣẹ́ náà ní Àkúrẹ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè, olùdarí, ti tẹ bánà. Àwòrán tirẹ̀ gba ìdajì rẹ̀: agbádá funfun, ẹ̀rín bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ayé tán. Lábẹ́ àwòrán ni wọ́n kọ ọ́ sí pé OGÓJÌ WỌLÉ, OGÓJÌ JÁDE. Àwọn àgbàlagbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ni ètò náà wà fún. Wọ́n á fi oṣù mẹ́rin kọ́ aṣọ rírán, wọ́n á sì bá wọn wá ibi iṣẹ́. Ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́ta kò lè wọ̀ ọ́. Yéjídé, opó tó ń ti Ìjàrẹ wá, ku oṣù mẹ́ta péré kó pé e. Ọmọ méjì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé àǹfààní yìí kò ní tún wá.

Agnes Oríọlá, ará Ọ̀dà, ló jókòó tì í, obìnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń fi eyín já òwú. Àdéhùn tí gbogbo ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà ń bá ara wọn ṣe ni àwọn náà ṣe: bí mọ́tò bá dá ọ dúró, n ó bá ọ dáhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Akíntóyè ń pe orúkọ inú rẹ́jísítà, Agnes kò tíì dé, Yéjídé sì bá a dáhùn. Ọ̀sán ni ìròyìn tó wọn létí pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Agnes ti kú. Òkú ni Yéjídé ti bá dáhùn.

Wọ́n sunkún, wọ́n gbàdúrà. Lọ́jọ́ kejì, Akíntóyè ṣí rẹ́jísítà, ó sì pe Agnes. Ó wá fi ohùn tó máa ń fi bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ ṣàlàyé pé ogójì ni àwọn tó ń náwó sí ètò náà láti òkè òkun mọ̀, àti pé bánà ti jáde. Kò sí lọ́kàn rẹ̀ pé wọ́n lè tẹ òmíràn. Àwòrán ti eléyìí dára jù. Ó wo Yéjídé.

"Ìyá Ọpẹ́olúwa, ẹ̀yin lẹ sáà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, òun ló ń dáhùn láràárọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó máa ń yí ohùn padà kí ti òkú má baà jọ tirẹ̀. Nígbà tó yá, ohùn kejì náà ń dá jáde láìjẹ́ pé ó pè é, ohùn pẹ̀lẹ́ tó ń fa ìdí ọ̀rọ̀ gùn. Lọ́jọ́ kan ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń fi eyín já òwú, sísọ́ọ̀sì sì wà lórí itan rẹ̀. Precious tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ sún àga rẹ̀ sẹ́yìn, kò sọ ìdí.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, ilé iṣẹ́ kan tó ń rán aṣọ ilé ìwé ní Oǹdó ní òun yóò gba ènìyàn mẹ́fà, àwọn tí kì í pa ọjọ́ jẹ. Yéjídé ti pa ọjọ́ mẹ́rin jẹ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, ẹni tó yẹ kó bá a dáhùn kò sì sí láyé mọ́. Ní ti Agnes, Akíntóyè fúnra rẹ̀ ló fi àmì sí i lọ́jọ́ mẹ́rin náà. Kò pa ọjọ́ kankan jẹ. Òkú kì í ṣàìsàn, mọ́tò kì í sì í dá a dúró. Òun ló ṣe ipò kìn-ín-ní. Yéjídé ṣe ipò keje.

Akíntóyè pè é sí ọ́fíìsì, ó tún fìlà ṣe, ó na ìwé ẹ̀rí Agnes sí i bí ẹni ń fi ènìyàn joyè.

"Ẹ ti ń dáhùn orúkọ yẹn láti oṣù mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó mọ̀ yín ní Oǹdó, àwọn márùn-ún yòókù kò sì ní tú àṣírí yín. Ẹ máa lọ."

Yéjídé béèrè pé bí ará Ọ̀dà kan bá gbọ́ ńkọ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní ará Ọ̀dà wo ló ń wá aṣọ ilé ìwé lọ sí Oǹdó. Yéjídé fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó gba yàrá kan ní Oǹdó, wọ́n sì ń pè é ní Agnes.

Bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá kú síbẹ̀, àmọ́ Akíntóyè kò lè ṣe rere kó má polongo. Ó gbé orúkọ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí Fesibúùkù, àwòrán tirẹ̀ lókè, orúkọ Agnes ló sì ṣáájú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi dé Ọ̀dà. Ohun tí ẹnikẹ́ni tí wọ́n tọ́ dàgbà níbẹ̀ yóò sọ ni wọ́n sọ: Agnes ti di àkúdàáyà. Ó kú níbí, ó dìde níbòmíràn, ó ti ríṣẹ́, yóò sì wà níbẹ̀ títí ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá fojú kàn án. Ọjọ́ náà ni yóò pòórá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wá sọ fún Yéjídé pé ọkùnrin kan ń béèrè Agnes, pé ó ní Johnson ni òun ń jẹ́, pé ó sì kẹ̀yìn sí géètì, kò fẹ́ wo inú.

Yéjídé mọ̀ pé orúkọ ọkọ Agnes nìyẹn, ó sì jáde. Ó ti pinnu ohun tó máa sọ: èmi kọ́, Yéjídé ni mí, ẹ má bínú. Ó rí ẹ̀yìn ọkùnrin kan nínú kaftáànì tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi ṣá, ọrùn rẹ̀ le gan-an, bíi ti ẹni tó ń fi agbára mú orí ara rẹ̀ dúró.

"Agnes," ni ọkùnrin náà wí, "mi ò ní yíjú. Má sá. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o ń jẹun ni."

Yéjídé ronú kan àwọn ọmọ rẹ̀ nílé àbúrò rẹ̀. Ó ti pé ọdún márùndínláàádọ́ta báyìí. Bí ó bá sọ òtítọ́, iṣẹ́ lọ nìyẹn, ọkùnrin yìí á sì tún pàdánù ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó la ẹnu, ohùn pẹ̀lẹ́ nì ló jáde.

"Mò ń jẹun."

Èjìká ọkùnrin náà rọ̀. Ó sọ fún un pé Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ọmọ wọn, ti wọ ilé ìwé girama, pé kó má jẹ́ kí wọ́n lé e níbi iṣẹ́, pé òun kò ní wá mọ́. Ó sì lọ, kò bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí Yéjídé padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ọ̀gá obìnrin tó ń bójú tó wọn bi í pé ta ni àlejò náà.

"Ọkọ mi ni," ló sọ, ó sì fa aṣọ tó kàn mọ́ra.