Àwọn Pẹ́pẹ́yẹ Àǹtí Munirat

Nígbà tí Àǹtí Munirat, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń lọ kí ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Ìṣẹ́yìn, èmi ló fi pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà sílẹ̀ fún nínú ilé tí a jọ ń gbé ní àdúgbò Pedro.

"Fuad, láàárọ̀, po eèrí ògì mọ́ omi fún wọn kó rọ̀. Abọ́ tó jìn ni kó o bu omi mímu wọn sí, kí wọ́n lè ri imú bọ̀ ọ́. Nírọ̀lẹ́, inú ilé wọn ni kó o gbé oúnjẹ sí, kó o lu abọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ìwé tí mo kà ni kò jẹ́ kí n gbà. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, n kò sì tíì rí iṣẹ́, nítorí náà kò sí ohun tí kì í ṣe àlọ́ lójú mi. Mo rò ó títí, mo ní: ẹni tó bá yó kì í pẹ́ sùn. Bí mo bá bọ́ wọn níta láago mẹ́rin, tí wọ́n yó bámúbámú, oorun á fẹsẹ̀ wọn rìn wọlé. Mo tilẹ̀ yà á sínú ìwé, mo fi ọfà sí i.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Bàbá Ògúntádé, onílé wa, ti bá wọn lábẹ́ àtẹ̀gùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ìgbẹ́ wọn. Ó ní bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà kúrò nílé òun. Láti ọjọ́ tí ọkọ Àǹtí ti kú, àwọn pẹ́pẹ́yẹ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Wọ́n jẹun, wọ́n yó, wọ́n sì fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn.

Mo lé márùn-ún wọlé. Kí n tó mú ẹ̀kẹfà, márùn-ún ti jáde. Tófúnmi, tí a jọ ń gbé inú ilé náà, dé bá mi níbi tí mo ti ń fi ìgbálẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì ń kó àjákù bébà wá tí a ń tẹ́ fún wọn sùn lé.

"Bọ̀dá Fuad, ta ló ń da ẹnì kejì nínú yín?"

"Mo ń ṣe ìṣirò kan ni."

"Ẹ tètè rí ìdáhùn o. Mo fi Bàbá Ògúntádé sílẹ̀ nídìí alákàrà."

Ó gbé àpò bébà kalẹ̀, ó wọlé lọ.

Oúnjẹ alẹ́ mi nìkan ló kù nílé. Mo rún búrẹ́dì sínú abọ́ ẹ̀wà, mo fàyà fà wọ inú ilé pẹ́pẹ́yẹ, mo sì lu abọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àṣé yíyó wọn ò dé ọ̀dọ̀ búrẹ́dì. Wọ́n tò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gba ẹ̀yìn mi kọjá bí ẹni gba orí afárá. Ẹ̀kẹfà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tán nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ Bàbá Ògúntádé. Ó tan iná fóònù sábẹ́ àtẹ̀gùn.

"Ẹ wò ó, Fuad mọ iṣẹ́," ó ń dá sọ̀rọ̀. "Ilẹ̀kùn ló gbàgbé."

Ó fi ìkọ́ kọ́ ilẹ̀kùn ilé pẹ́pẹ́yẹ náà níta.

Bí mo bá lahùn, yóò ṣí i, gbogbo wọn yóò sì tú lé e lẹ́sẹ̀. Ó gun òkè lọ. Àjákù ìwé ìpè ìgbéyàwó kan lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí, pẹ́pẹ́yẹ kan sì jókòó sí ìdí ọrùn mi. Fóònù mi dún, Àǹtí ni.

"Fuad, ṣé wọ́n ti wọlé?"

"Gbogbo wa ti wọlé, mà," mo rọra dáhùn.

"Ìta lo ti fún wọn lóúnjẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Tófúnmi kó wá ṣílẹ̀kùn. Kó rọra ṣí i o. Èmi nìkan ni kó jáde."