Gbohùngbohùn Mẹ́rin Lórí Alùpùpù Ajíhìnrere

Ẹ̀yin olùfẹ́ tó ń ka ìwé yìí, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó jí wa lónìí, tó fún wa ní ẹnu àti etí. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti etí náà ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù ní Ọ̀tà bí olú ẹ̀yìn òjò, Múyìwá Ògúndèjì, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ irin kan ní Sángo, ní alùpùpù ńlá kan, tókunbọ̀, irú èyí tí òyìnbó fi ń rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn. Ìhìnrere ló ń fi í wàásù kiri. Gbohùngbohùn méjì tó bá a wá ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò.

Pásítọ̀ ìjọ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un: "Bí ọkàn méjìlá ò bá pé ní ẹ̀ka ṣọ́ọ̀ṣì wa tí ò ń bójú tó ní Ìtẹ̀lé kó tó di ọdún Àjíǹde, a ó tì í pa."

Mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Múyìwá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì rí i gbangba pé gbohùngbohùn ló ń fa Ìjọba Ọ̀run sẹ́yìn. Ló bá gbé alùpùpù lọ bá Ìsmáílà, rewáyà tó ń tún ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ṣe láìṣojúsàájú, pé kó fi gbohùngbohùn ńlá mẹ́rin rọ́pò méjì tó ń kùn.

"Ajíhìnrere, mẹ́rin á pọ̀ jù fún bátìrì yín," Ìsmáílà wí.

"Odi Jẹ́ríkò ni mo fẹ́ wó, Ìsmáílà. So ó."

"Ẹ rọra wó o o. Mo háyà yàrá kan nínú Jẹ́ríkò yẹn."

Tẹ́lẹ̀, bí Múyìwá bá dúró ní oríta Ìtẹ̀lé, àwọn èèyàn a sún mọ́ ọn kí wọ́n lè gbọ́. Wọn a fara ti alùpùpù, wọn a bi í ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó gbé mẹ́rin dé, kò sẹ́ni tó kúrò lójú kan. Rose oníbúrẹ́dì, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án, juwọ́ sí i lódìkejì títì.

"À ń gbọ́ yín ketekete, sà! Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu!"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, èèyàn méje ló wá. Múyìwá bi Rose léèrè ohun tó dé.

"Ajíhìnrere, mo ti gbọ́ ìwàásù yín tán lánàá. Ṣé kí n tún wá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Nígbà tí Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ kan, Múyìwá tún dúró ní oríta náà, ó yí ohùn sókè dópin.

"Ọkùnrin kan kọ́lé gogoro, kò yọ ilẹ̀kùn sí i! Nígbà tí àlejò dé, ó ní..."

Bátìrì kú. Gbogbo oríta pa lọ́lọ́.

"Ó ní kí ni?" Rose pariwo.

Múyìwá fi ẹnu lásán dáhùn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ni Rose bá sọdá. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e.

"Ó ní, 'Ẹ ṣáà wo bó ṣe ga tó!'" Múyìwá wí, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sì gún un lọ́kàn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n bá a ti alùpùpù dé ọ̀dọ̀ Ìsmáílà, ìbéèrè ò sì tán lẹ́nu wọn lójú ọ̀nà.

"Ẹ jẹ́ n fi bátìrì ńlá sí i," Ìsmáílà wí.

"Rárá o. Tú u. Dá àwọn tó ń kùn padà."

Ìsmáílà mú sípánà rẹ̀. "Ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń ṣe rewáyà, ẹ̀yin lẹ́ni àkọ́kọ́ tó bẹ̀ mí pé kí n bá òun ba nǹkan jẹ́."

Ní Àjíǹde, èèyàn mẹ́rìnlá ló kún Ìtẹ̀lé. Pásítọ̀ fò sókè fáyọ̀. "Ẹ wo iṣẹ́ gbohùngbohùn mẹ́rin! A ó ra mẹ́jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì!"

Múyìwá dìde láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n halelúyà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ.

Ìwọ òǹkàwé mi, kí Olúwa má jẹ́ kí ariwo bo ohùn rẹ. Àwọn tó yẹ kó sún mọ́ ọ yóò sún mọ́ ọ. Àmín.