Ìkòkò Ẹ̀wà Loretta Bouchard

2.

…nítorí náà, ìwọ tó ń ka èyí, má kà á sókè nílé ìtajà Dale. Corley kéré. Lórí òkè Vermont níbí, ògiri ò nílò etí, àwọn ènìyàn ti tó. Bí wọ́n bá bi ọ́, o ò rí ìwé kankan.

3.

ÌKÉDE
(lára ilẹ̀kùn ilé ìfìwéránṣẹ́)

ÌPÀDÉ ỌDỌỌDÚN ÌLÚ CORLEY. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ Kẹrin: Ṣé kí ìlú ti ilé ẹ̀kọ́ Corley pa, kí àwọn ọmọ mọ́kàndínlógún tó kù níbẹ̀ máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Tarbell?

Oúnjẹ ọ̀sán: Loretta Bouchard. Ẹ mú àwo yín wá.

4.

Lójú ìwé àdúgbò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ìpàdé tó dé:

ROYCE BOUCHARD: Ọmọ mọ́kàndínlógún, olùkọ́ mẹ́rin. Owó orí ilẹ̀ àwa àgbẹ̀ ló ń bọ́ wọn. Wàrà tí màlúù mi ń mú wá ò lè ju báyìí lọ.

PRISCILLA VOSS: Ìlú tí kò ní ilé ẹ̀kọ́, ibojì ni.

ROYCE: Ọdún mélòó lẹ ti lò níbí, ará pẹ̀tẹ́lẹ̀?

PRISCILLA: Mọ́kànlá.

ROYCE: Àlejò ṣì ni yín. Ẹ jókòó, ẹ mu tíì.

MERLE STANNARD, alága ìpàdé: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ sùn.

5.

Loretta: ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Kíláàsì kẹwàá ló ti fi ìwé sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti ń se oúnjẹ nílé ẹ̀kọ́ yẹn.

Royce ni àbúrò rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀, nítorí pátákó tí Loretta rì síwájú ilé rẹ̀: Ẹ JẸ́ KÍ ILÉ Ẹ̀KỌ́ WA WÀ. Royce fi katakata wó o. Ó ní èèṣì ni.

7.

Láti inú ohùn tí Gwen Hatch, akọ̀wé ìlú, gbà sórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ ìpàdé:

MERLE: Ọ̀rọ̀ Kẹrin. Ẹ̀yin tí ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n tì í pa?

(Ariwo.)

MERLE: Ẹ̀yin tí ẹ ní bẹ́ẹ̀ kọ́?

(Ariwo.)

MERLE: Etí mi ò mọ èyí tó pọ̀jù.

ẸNÌ KAN: Ọjọ́ wo letí yín ti ń mọ nǹkan, Bàbá Merle?

(Ẹ̀rín.)

MERLE: Ó dáa. Ẹ dìde. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ sápá ilé ìdáná. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lọ sápá fèrèsé. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kí ẹnikẹ́ni má rìn mọ́. Orí lèmi ń kà o, mi ò ka ọkàn.

(Ẹsẹ̀. Àga. Ilẹ̀kùn kan ṣí.)

8.

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni.

Loretta ló jáde, ìkòkò ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa èéfín ti ń pariwo látàárọ̀. Kò gbọ́ ohun tí Merle sọ. Ó rí èrò nítòsí, ó rí èrò lọ́hùn-ún. Ìkòkò gbóná. Tábìlì oúnjẹ wà lẹ́yìn èrò. Ó dúró kí wọ́n yà fún un.

Wọn ò yà.

Merle na ìka sí i, ó kà á mọ́ wọn.

9.

Bẹ́ẹ̀ ni: 61. Bẹ́ẹ̀ kọ́: 60.

10.

Ìgbà tí ìka yẹn kàn án ló mọ̀. Tàbí lẹ́yìn náà. Kò dá mi lójú.

Merle bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni lọ́rọ̀ láti sọ kí òun tó kọjá. Ó dúró díẹ̀. Ẹnu mi gbẹ.

Ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ. Ẹnu rẹ̀ gbẹ.

Ọ̀rọ̀ Karùn-ún: òkúta wẹ́wẹ́ fún ojú ọ̀nà.

11.

Àwọn tó jẹ ẹ̀wà náà tí wọ́n sì dúpẹ́: gbogbo wọn. Priscilla sunkún sínú àwo tirẹ̀, ó tún bù kún un.

12.

Royce wá bá Loretta níbi tó ti ń fọ ìgbákọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Ó mú ìgbákọ kejì.

"Mo rí ibi tí ẹ dúró sí. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún yín." Ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Ọ̀rọ̀ pátákó ọjọ́sí… kì í ṣe èèṣì."

"Ta lo rò pé ò mọ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì lo gùn ún kọjá, Royce."

Royce bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ọdún méjì! Royce gba ìkòkò, ó ní òun á lọ fọ̀ ọ́ nílé.

13.

Ohun tí Loretta bá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn:

— ìgò méjì tó kún fún omi dídùn tí wọ́n ń fà lára igi mápù, láti ọ̀dọ̀ Royce
— igi ìdáná, Royce ti là á
— àwòrán tí ọmọ kíláàsì kejì kan yà: bọ́ọ̀sì, ẹrẹ̀ dé fèrèsé rẹ̀

14.

(Èyí ti ya, bí 1 àti 6 ti sọnù. Ìlà kan ló kù: *Ǹ bá ti gbé ìkòkò yẹn sílẹ̀.*)

15.

Ojú ìwé àdúgbò:

PRISCILLA: Ìbò kan ṣoṣo! Bí wọ́n bá ṣi ẹnì kan kà, kó jáde wá sọ. Ìlú lè tún un dì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

ROYCE: Ẹni tó bá fìdí rẹmi, kó lọ gbọn aṣọ rẹ̀.

DALE, onílé ìtajà: Ta ló gbé ìkòkò dání nígbà tí Merle ń kà?

16.

Loretta pa fóònù. Ó tàn án. Ó tún pa á.

17.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bọ́ọ̀sì Tarbell wá dán ojú ọ̀nà wò. Ẹrẹ̀ gbé e mì dé ìdajì táyà. Katakata Royce ló fà á jáde.

Loretta ń wò ó láti fèrèsé ilé ìdáná. Ó ń ka ìjókòó.

18.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn ìbò. Iwájú ìgbìmọ̀ ìlú. Ẹ̀rọ Gwen:

GWEN: Loretta, nígbà tí Merle ń kà, níbo lo wà?

LORETTA: Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

GWEN: Ṣé apá bẹ́ẹ̀ ni lo fẹ́ dúró sí?

LORETTA: Ìkòkò gbóná.

(Ẹ̀rín.)

GWEN: Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́, ọ̀rẹ́ mi. Bó o bá ní èèṣì ni, a ó tún ìbò dì. Bó o bá ní o mọ̀ọ́mọ̀ ni, tàbí o ò sọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ parí, wọ́n á tì í pa.

(Ẹ̀rọ kò rí èyí: Royce jókòó níwájú pátápátá, ìkòkò náà lórí itan rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán.)

PRISCILLA: Màmá Loretta, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wo àwọn ọmọ.

ROYCE: Ẹ fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀! Wọ́n mọ ibi tí wọ́n dúró sí.

LORETTA: Mo mọ̀ ọ́n.

GWEN: Níbo?

LORETTA: Mo ti sọ ọ́. Lẹ́nu ọ̀nà.

GWEN: Loretta…

LORETTA: Pa ẹ̀rọ yẹn, Gwen. Aago méjìlá làwọn ọmọ ń jẹun, mi ò sì tíì gbé nǹkan kaná. Royce, gbé ìkòkò mi wá.

GWEN: Dá mi lóhùn ná.

LORETTA: Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́.