Ọ̀rọ̀ Kan Lóòjọ́

Iwájú pátákó ni Olúkẹ́mi Ògúnrìndé wà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní ìwé kíkà ní Ìbarà, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ṣọ́ọ̀kì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì ṣubú tẹ̀ lé e. Nígbà tó lajú ní ọsibítù, apá ọ̀tún kò ṣeé gbé mọ́, ọ̀rọ̀ sì ti dákẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ohun tó fẹ́ sọ wà nínú rẹ̀ digbí, títí kan orúkọ Moyinolúwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Àmọ́ bó bá la ẹnu, igbe lásán ló ń jáde.

Láńre ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, kì í sì í sí nílé wọn ní Òwu látàárọ̀ dalẹ́. Ìyá Láńre, Màmá Christianah, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ló di ẹrù rẹ̀ láti Owódé tó wá ń tọ́jú ìyàwó ọmọ rẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń fi ṣíbí fún un lẹ́kọ mu.

Dókítà ti sọ fún wọn pé, “Ẹ máa jẹ́ kó gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ó lè padà, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ díẹ̀, mi ò sì lè ṣèlérí.”

Màmá sọ ìgbìyànjú yẹn di àdúrà. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìwẹ̀, á gbé àpótí méjì sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn méjèèjì á jókòó kojú síra.

“Ìyá Moyin, Ọlọ́run mọ ohun tó wà nínú rẹ. Kì í ṣe torí Rẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ jáde, torí tìẹ ni. Ọ̀rọ̀ kan lóòjọ́. Èyí tó bá kọ̀ lónìí, a ó tún gbá a mú lọ́la. Ó yá, wí tẹ̀ lé mi: Olúwa, mo wà níhìn-ín.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wá “mo” nìkan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sú Olúkẹ́mi pátápátá. Irú Ọlọ́run wo ló ń gba ẹnu olùkọ́? Ogún ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ṣé èrè rẹ̀ rèé? Ó fi ọwọ́ òsì gbé ife omi, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri.

Màmá kò bá a wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àfọ́kù ife náà nílẹ̀. “Bínú sí I. Ó lè gbà á. Ṣùgbọ́n má bínú sínú, pariwo kí Ó gbọ́.”

Olúkẹ́mi mí kanlẹ̀, ó fi gbogbo ara gbé e jáde: “Mo!”

Ó mọ́ gaara. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, Màmá sì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, ó ti lè sọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá, ó sì ti ń fi ọ̀pá rìn. Lọ́sàn-án Sátidé kan, àbúrò rẹ̀ Péjú mú ọkùnrin kan wá sílé, ó wọ kóòtù, bàtà rẹ̀ ń dán. Wọ́n ń pè é ní Wòlíì Bándélé. Láńre wà nílé lọ́jọ́ náà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìyà yìí ti tó,” ni Péjú wí. “Ẹni Ọlọ́run ni wọ́n.”

Wòlíì dijú, ó gbàdúrà títí, ó wá na ìka sí Màmá. “Ẹni tó ń fún arábìnrin yìí lóúnjẹ ló dì í lẹ́nu. Kí ìyá yìí kúrò nínú ilé yìí lónìí. Tó bá fi máa di ọjọ́ keje, arábìnrin á máa sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.”

Láńre wolẹ̀, kò lè wo ìyá rẹ̀ lójú. Màmá dìde jẹ́ẹ́. “Bó bá jẹ́ lílọ mi lá ṣí i lẹ́nu, mo ń lọ.” Ó wọ yàrá lọ di ẹrù rẹ̀.

Ọjọ́ méje! Ká má purọ́, ọkàn Olúkẹ́mi fà sí i. Ọjọ́ méje péré, á padà síwájú pátákó rẹ̀. Àmọ́ ó gbọ́ tí Màmá ń fa àpótí aṣọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ọwọ́ òsì lu tábìlì gbàà.

“I… irọ́!”

“Ẹ̀mí tó wà lára rẹ̀ ló ń jà yẹn,” ni Wòlíì wí.

“Irọ́!”

Ó dìde láìmú ọ̀pá. Ó wọ́ ẹsẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá, ó jókòó lé ẹnu ọ̀nà náà gan-an, kò sí ẹni tó lè gbé ẹrù kọjá.

“Màmá… wà… níhìn-ín.”

Wòlíì ranjú mọ́ ọn. “Tóo bá kọ ìtúsílẹ̀, ìparí oṣù yìí ò ní ṣojú rẹ.”

Olúkẹ́mi wò ó bó ṣe máa ń wo ọmọ tó bá ń pariwo nínú kíláàsì, ó sì nàka sí ilẹ̀kùn. “Jáde.”

Kí ọkùnrin náà tó dé géètì, Láńre ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ìyá rẹ̀. Péjú bínú lọ, kò sì padà wá títí oṣù méjì fi kọjá. Oṣù tí wòlíì wí parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì ṣì ń jókòó sẹ́yìnkùlé láràárọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, alùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń wá ẹni tí yóò ka ẹ̀kọ́ kejì nínú Bíbélì lọ́jọ́ ìsinmi. Olúkẹ́mi nawọ́ sókè. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé yóò dójú ti ara rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹsẹ mẹ́jọ péré gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Ó ń kọsẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn, itọ́ ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin kan tẹ̀ síwájú láti gba makirofóònù lọ́wọ́ rẹ̀, Olúkẹ́mi dì í mú ṣinṣin, ó sì ka ẹ̀kọ́ náà títí dé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Lẹ́yìn ìsìn, alùfáà sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Bóyá nígbà mìíràn, kí ẹnì kan bá yín ka ìdajì?”

“Rárá, sà,” ni Olúkẹ́mi wí. “Ẹ kọ orúkọ mi… sí… oṣù tó ń bọ̀.”

Ó dúró tì í títí alùfáà fi mú bírò jáde, tó sì kọ ọ́.